Ṣé Saint-Denis ni kí àbúrò mi máa gbé, àbí kó forí tì í wá yàrá ní Paris?

Àbẹ̀kẹ́

Àbúrò mi ọkùnrin rí àyè gbà ní Université Paris 8, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n á wọlé. Wọ́n ti fi yàrá kan hàn án lórí fóònù ní Saint-Denis, lẹ́bàá ibùdókọ̀ Porte de Paris: 18 m², €720 lóṣù, àga àti bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní kó má débẹ̀ rárá, pé ìlú jàǹdùkú ni, kó wá yàrá sí Paris bó ti wù kó kéré tó. Ẹlòmíràn ní Paris náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, métro (ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀) kan náà ló so wọ́n pọ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn tó máa pé ọdún mẹ́ta fẹ́ bá a níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, màmá wa náà sì fẹ́ lọ kí wọn. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

* * *

Ọmọ_Kétu

Saint-Denis kì í ṣe Paris. Ìlú tó dá dúró ni, ó ní mẹ́yọ̀ tirẹ̀, ìgbìmọ̀ tirẹ̀ àti mairie (ọ́fíìsì mẹ́yọ̀) tirẹ̀. Ibi Périphérique, òpópónà ńlá tó yí Paris ká, ni Paris parí sí. Bí èèyàn bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá síhà àríwá láti Porte de la Chapelle ní agbègbè 18 ní Paris, Saint-Denis ló bọ́ sí yẹn. Kóòdù ìfìwéránṣẹ́ ti Paris ń fi 75 bẹ̀rẹ̀. Ti Saint-Denis jẹ́ 93200 láàárín ìlú, 93210 ní La Plaine, apá gúúsù ìlú náà, 93380 ní Pierrefitte. Ìlú ọ̀tọ̀ ni Pierrefitte-sur-Seine tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2025 ló dara pọ̀ mọ́ Saint-Denis, àwọn méjèèjì sì jọ di nǹkan bí 150,000 èèyàn, ìlú tó tóbi ṣìkejì sí Paris ní gbogbo Île-de-France, agbègbè ńlá tí Paris wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Benin, ẹ má fi commune (ìlú tó ní mẹ́yọ̀ tirẹ̀) tiwa wọ̀n ọ́n. Tiwa jẹ́ 77 péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ bí ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ti Faransé lé ní 34,000, òmíràn kò ju abúlé lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè sọdá títì kan ní agbègbè Paris kí òfin owó ilé, iye oúnjẹ ọmọ níléèwé àti ọ́fíìsì tẹ́ ẹ máa lọ yí padà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún orúkọ. Seine-Saint-Denis ni ẹ̀ka ìjọba tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 93, ogójì ìlú dín díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. L'Île-Saint-Denis jẹ́ ìlú mìíràn lórí erékùṣù odò Seine. Saint-Denis mìíràn wà ní erékùṣù Réunion, létí Madagascar, 97400 ni kóòdù tirẹ̀; bí fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì bá ní kẹ́ ẹ yan ìlú, kóòdù ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo orúkọ. Ibi tó sì ń ṣi àlejò lọ́nà jù ni ibùdókọ̀ Strasbourg–Saint-Denis, ti ojú irin 4, 8 àti 9. Àárín Paris nìyẹn wà. Ẹni tó bá sọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kò tíì dé Saint-Denis, ìrìn rẹ̀ ṣì kù.

* * *

Ayọ̀délé_13

Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí bóyá Paris ni àbí kì í ṣe Paris. Ibùdókọ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Láti Porte de Paris, ojú irin 13 ni. Ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e ni Basilique de Saint-Denis, èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn ni Saint-Denis–Université, ìparí ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà Paris 8 gan-an. Ibùdókọ̀ méjì péré. Ẹni tó bá ń gbé Paris tó ń bọ̀ ní Paris 8 ló máa jìyà ojú irin 13. Àbúrò yín kò ní mọ̀ ọ́n lára àfi ọjọ́ tó bá ń lọ sí Paris ní àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí èrò kún fọ́fọ́.

Ìdí tó fi máa ń kún ni pé ó pín sí ẹ̀ka méjì ní La Fourche. Ẹ̀ka kan lọ sí Saint-Denis–Université, èkejì lọ sí Les Courtilles ní Asnières àti Gennevilliers. Ọkọ̀ tó ń kọjá láàárín Paris ni wọ́n ń pín fún ẹ̀ka méjèèjì, nítorí náà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń rí ìdajì. Tó bá ń bọ̀ láti Paris, kó ka orúkọ ìparí ọ̀nà lára pátákó kó tó wọlé. Tó bá ti wọ èyí tó ń lọ sí Les Courtilles, kó sọ̀ ní La Fourche, kó dúró de èyí tó tọ́. Bó bá kọjá La Fourche, ó máa padà síbẹ̀ ni.

Ojú irin mìíràn tún wà níbẹ̀. RER D, ọkọ̀ ojú irin tó so Paris mọ́ ìgbèríko rẹ̀, láti ibùdókọ̀ ojú irin Saint-Denis dé Gare du Nord kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, ojú irin 14 ti dé Saint-Denis–Pleyel, ó sì ń lọ tààrà sí pápákọ̀ òfurufú Orly. Tram T1, T5, T8 àti T11 náà wà nínú ìlú.

Owó ọkọ̀: káàdì Navigo olóṣooṣù jẹ́ €88.80 ní ọdún 2025, iye kan náà fún ẹni tó ń gbé Paris àti ẹni tó ń gbé ìgbèríko rẹ̀, nítorí wọ́n ti pa iye àgbègbè-dé-àgbègbè rẹ́ láti ọdún 2015. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pé 26 kó béèrè Imagine R, ó dín gan-an. Ẹni tó bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan (ẹ fi sọ́kàn pé iye 2025 ni mò ń sọ): €2.50 fún métro, RER àti ọkọ̀ ojú irin, €2 fún bọ́ọ̀sì àti tram. Tíkẹ́ẹ̀tì tram kò wọ métro, tíkẹ́ẹ̀tì métro kò wọ tram. Ẹni tó bá gun T1 tó tún gun métro ti san €4.50. Níbi yìí ni olùṣàyẹ̀wò ti máa ń mú àlejò, wọ́n á sì ní kó san owó ìtanràn lójú ẹsẹ̀.

* * *

Múfútáù

Mo ta kò yín. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iléèwé nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ. Iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ ńkọ́? Iṣẹ́ ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì pọ̀ ní Paris, òru ni wọ́n sì máa ń parí. Lẹ́yìn tí métro bá tilẹ̀kùn, bọ́ọ̀sì òru Noctilien ló kù. Yàrá òkè àjà ní Paris, kódà 10 m², ó sàn ju kéèyàn máa rìn ní Porte de Paris ní aago méjì òru lọ. Ibẹ̀ jẹ́ orítaméta ọkọ̀, òpópónà A1 gba ibẹ̀ kọjá, Stade de France, pápá ìṣeré ńlá, sì wà nítòsí. Alẹ́ tí bọ́ọ̀lù tàbí orin bá wà, nǹkan bí 80,000 èèyàn ló ń tú jáde, wọ́n á dí títì, ibùdókọ̀ á kún.

Wọ́n sì ń já fóònù gbà níbẹ̀. Kí a má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

* * *

Akọ̀wé_Ilé

Múfútáù, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Yàrá òkè àjà yẹn ni ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ àjèjì jẹ jù. Òfin ní ilé tí wọ́n bá fẹ́ háyà gbọ́dọ̀ ní yàrá kan tó tó 9 m², tí àjà rẹ̀ ga tó mítà 2.20, tàbí kó gba 20 m³ lápapọ̀. Ibi tí àjà ti dagun tí orí ń gbá a, wọn kì í kà á. Yàrá tí wọ́n polówó ní 10 m² lè jẹ́ 7 tí ẹ bá gbé tépù síbẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 pẹ̀lú, ilé tí ìwé tó ń fi hàn bó ṣe ń jẹ iná sí bá jẹ́ lẹ́tà G, èyí tó burú jù, wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe àdéhùn tuntun lé e lórí. Ọ̀pọ̀ yàrá abẹ́ òrùlé ló wà ní G, nítorí páànù tó gbóná ló bò wọ́n.

Ní báyìí, €720 fún 18 m². Owó yẹn ló ń kọ mí lóminú, kì í ṣe ìlú náà. Saint-Denis wà nínú Plaine Commune, àjọṣepọ̀ àwọn ìlú agbègbè yẹn, òfin tó fi ààlà sí owó ilé sì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2021. Ti Paris bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2019. Bí ẹ ṣe máa ṣírò rẹ̀ nìyí. Ìjọba ń gbé iye kan jáde lọ́dọọdún fún m² kan, ó sì ń yí padà gẹ́gẹ́ bí agbègbè, iye yàrá, ìgbà tí wọ́n kọ́ ilé náà, àti bóyá ẹrù wà nínú rẹ̀. Onílé lè fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lé e, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ká ní gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ €28 fún m² kan: ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 18, ó jẹ́ €504 láìka owó omi àti ìtọ́jú ilé. €28 yẹn àpẹẹrẹ ni o. Ẹ lọ wo iye tòótọ́ fún títì náà lórí ìkànnì ìjọba, ẹ tẹ àdírẹ́sì sí i, ó máa jáde.

Onílé tó bá fẹ́ gba jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn, ohun àrà ọ̀tọ̀ kan tí ilé náà ní tí irú rẹ̀ kò ní. Pé ó sún mọ́ métro kì í ṣe ohun àrà ọ̀tọ̀. Tí àbúrò yín bá ti wọlé, oṣù mẹ́ta péré ló ní láti ta ko àfikún yẹn, láti ọjọ́ tó bá fọwọ́ sí ìwé.

Àwọn apá kan tún wà nínú Saint-Denis tí onílé gbọ́dọ̀ ti gba ìwé àṣẹ láti háyà ilé kó tó gba ayálégbé, nítorí ilé jẹgẹjẹgẹ àti yàrá tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ pọ̀ ní àárín ìlú àtijọ́. Ẹ béèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ń kólòlò, ẹ ti mọ nǹkan kan nípa ilé náà.

* * *

Ìyá_Ìbejì

Ẹ ti gbàgbé ìyàwó, ọmọ àti ìyá. Àwọn gan-an ló yẹ kó pinnu ilé tí wọ́n máa mú.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mú ìdílé wá ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní regroupement familial gbọ́dọ̀ ti lo oṣù 18 pẹ̀lú ìwé ìgbélùú kó tó lè béèrè. Nítorí náà "ọdún tó ń bọ̀" kò ṣeé ṣe ní ọ̀nà yẹn. Ilé náà ní ìwọ̀n: ní agbègbè Paris, 22 m² fún èèyàn méjì, kí wọ́n fi 10 kún un fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá tún wá. Èèyàn mẹ́ta jẹ́ 32 m². Owó tó ń wọlé fún un gbọ́dọ̀ tó iye owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin, láàárín oṣù 12, ohun tí iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà tó. Mairie ìlú tó ń gbé wà lára àwọn tó ń yẹ ilé wò. 18 m² kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀nà mìíràn ni kí ìyàwó fúnra rẹ̀ gba físà gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí àlejò onígbà pípẹ́, kó fi owó tirẹ̀ hàn.

Màmá tó ń bọ̀ wá kí wọn fún ohun tí kò tó oṣù mẹ́ta nílò attestation d'accueil, ìwé ìgbàlejò. Mairie ìlú tí ọmọ ń gbé ló ń ṣe é, ọmọ gbọ́dọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Ó máa mú ìwé ìgbélùú rẹ̀ dání, ìwé àdéhùn ilé, bíìlì iná tàbí omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹ̀rí owó tó ń wọlé, nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù màmá, ọjọ́ tó máa dé àti ọjọ́ tó máa padà, àti sítáǹbù €30. Wọn kì í dá €30 yẹn padà bí wọ́n bá kọ̀. Wọ́n sì lè kọ̀ bí wọ́n bá rí i pé ibi tí àlejò máa sùn kò tó. Ìwé tí wọ́n bá fún un, èyí tó jẹ́ ojúlówó, ló máa fi ránṣẹ́ sí màmá fún físà, ẹ̀dà kò tó. Ẹ ka ọjọ́ tí ìwé máa fi rìn mọ́ ọn. Màmá tún máa ra ìbánigbófò ìrìn àjò tó tó €30,000 fún ìtọ́jú àìsàn.

Ẹ má da ìwé yìí pọ̀ mọ́ attestation d'hébergement. Ìyẹn lẹ́tà lásán ni tí ẹni tó gba èèyàn sílé ń kọ fúnra rẹ̀, tó fi ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ àti bíìlì rẹ̀ tì í. Ọ̀fẹ́ ni, báńkì ń gbà á, ṣùgbọ́n kò wúlò fún físà.

Ọmọ: dandan ni iléèwé láti ọdún mẹ́ta ní Faransé, láti ọdún 2019. Mairie ló ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún maternelle (jẹ́lé-ó-sinmi) àti élémentaire (alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀). Ìwé ìbí, ẹ̀rí àdírẹ́sì àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n máa béèrè. Ìwé ìbí láti Nàìjíríà, ẹ jẹ́ kí atúmọ̀ tí ilé ẹjọ́ ní Faransé fọwọ́ sí túmọ̀ rẹ̀. Owó oúnjẹ ọ̀sán níléèwé ń tẹ̀ lé owó tó ń wọ ilé, nítorí náà ẹni tí kò bá gbé ìwé owó rẹ̀ lọ lásìkò lè rí i pé iye tó ga jù ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì (girama kékeré) ti ẹ̀ka 93 ni, lycée (girama àgbà) ti Île-de-France. Ẹ má lọ máa bínú sí mairie lórí ìyẹn.

Bí wọ́n bá bí ọmọ mìíràn síbẹ̀, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n ní láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ní mairie ìlú tí wọ́n ti bí i, kì í ṣe ìlú tí òbí ń gbé. Ilé ìwòsàn Delafontaine wà ní Saint-Denis. Ẹni tó bá ń gbé Stains, ìlú ìtòsí, tó bímọ síbẹ̀, Saint-Denis ló ń lọ.

* * *

Ayọ̀délé_13

Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, kí ẹnikẹ́ni má lọ tò sí mairie fún un. Préfecture, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀ka, ni, Saint-Denis sì ní sous-préfecture (ẹ̀ka ọ́fíìsì náà) tirẹ̀. Ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rọrùn: orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti máa fìdí físà rẹ̀ múlẹ̀, láàárín oṣù mẹ́ta tó bá dé. Tó bá gbàgbé, ó ti di ẹni tí kò ní ìwé nìyẹn, àtúnṣe rẹ̀ sì máa ń gùn.

Bákan náà, yàrá ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́: Crous ni àjọ tó ń bójú tó o, ọwọ́ Crous de Créteil sì ni ẹ̀ka 93 wà. Ọ̀pọ̀ ń kọ̀wé sí Crous de Paris nítorí orúkọ "Paris 8", wọ́n á wá máa yà wọ́n lẹ́nu pé ibi tó jìnnà ni wọ́n rí. Vincennes ni ilé ẹ̀kọ́ yẹn wà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún 1980 ni wọ́n kó o wá sí Saint-Denis.

* * *

Ọmọ_Kétu

Inú mi kì í dùn tí wọ́n bá ń pe ìlú yìí ní ìlú jàǹdùkú tí wọ́n á sì dákẹ́ síbẹ̀. Àwọn ọba Faransé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sin wọ́n sí, nínú basilique, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí métro. Ibẹ̀ ni olórí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó ń jẹ́ Suger ti tún ìhà pẹpẹ kọ́, tí wọ́n yà á sí mímọ́ ní ọdún 1144, àwọn kátídírà gàgàrà tó ní fèrèsé aláwọ̀ mèremère sì tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀ lẹ́yìn náà. La Plaine jẹ́ ilẹ̀ iléeṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ láti Sípéènì, Potogí, Algeria, Mali àti Senegal ló wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Stade de France gan-an, orí ilẹ̀ iléeṣẹ́ gáàsì àtijọ́ ni wọ́n kọ́ ọ sí, wọ́n ṣí i ní oṣù kìíní ọdún 1998.

Ọjà rẹ̀ ń ná ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ẹtì àti Àìkú, láàárọ̀ títí di ọ̀sán. Ata, tòmátò, ẹja, ẹran: ó dínwó sí Paris, pàápàá nígbà tí ilẹ̀ ọjà bá fẹ́ tú. Ẹ̀lùbọ́, ògìrì àti epo pupa tó dára, Château Rouge ní Paris ni kó lọ: RER D dé Gare du Nord, kó wọ ojú irin 4, ibùdókọ̀ méjì.

* * *

Múfútáù

Mo gbọ́ ti ọba àti ti ọjà. Ọ̀rọ̀ ààbò ni mo sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa.

Fóònù: ẹnu ilẹ̀kùn métro ni wọ́n ti ń já a gbà, ní ìṣẹ́jú àáyá tí ilẹ̀kùn fẹ́ pa dé. Kó má dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. La Plaine: ọ́fíìsì ló pọ̀ níbẹ̀, tó bá ti di alẹ́, títì á dá páropáro. Àárín ìlú ní èrò títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa, ìyẹn sàn fún ẹni tó ń dá rìn. Títì kan sí èkejì yàtọ̀ síra, nítorí náà kí ẹnì kan bá yín lọ wo ilé náà lẹ́ẹ̀mejì, lọ́sàn-án àti ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Kó wò bóyá ilẹ̀kùn ìta ń tì, bóyá àpótí lẹ́tà kò já. Àpótí lẹ́tà tó já, káàdì báńkì àti lẹ́tà ìjọba kò ní dé ọwọ́ rẹ̀. Kó ṣí fèrèsé, kó gbọ́ A1.

Lórí owó ilé, mo gbà fún Akọ̀wé_Ilé. Lórí iṣẹ́ òru, mo ṣì dúró lórí ohun tí mo sọ.

* * *

Àbẹ̀kẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹni tó ni yàrá náà ní kí a fi owó oṣù méjì ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí kí ẹlòmíràn má baà gbà á, pé ìwé àdéhùn máa tẹ̀ lé e tí àbúrò mi bá dé. Ó tún ní òun ò lè fi orúkọ àbúrò mi sí bíìlì iná.

* * *

Akọ̀wé_Ilé

Ẹ má fi ránṣẹ́. Òfin kò gbà kí onílé gba owó kankan kó tó di pé wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Owó ìdógò fún yàrá tó ní ẹrù lè tó oṣù méjì lóòótọ́, ọjọ́ ìfọwọ́síwèé ni wọ́n ń san án. Àdéhùn akẹ́kọ̀ọ́ olóṣù mẹ́sàn-án wà, àti èyí tí wọ́n ń pè ní bail mobilité, oṣù kan sí mẹ́wàá, èyí tí wọn kò gbọ́dọ̀ gba owó ìdógò kankan lé lórí.

Ti bíìlì iná ló burú jù. Láìsí orúkọ rẹ̀ lórí àdéhùn tàbí bíìlì, kò ní ẹ̀rí àdírẹ́sì tirẹ̀. Ìwé màmá ní mairie kò ní gbé, iléèwé ọmọ á ṣòro. Ó ṣeé ṣe kí ẹni yẹn jẹ́ ayálégbé tó fẹ́ tún yàrá ẹlòmíràn háyà láìgbàṣẹ.

Kí àbúrò yín kọ́kọ́ béèrè Visale lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Onídùúró ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí kò tíì ju ọdún 30 lọ, ó dára fún àjèjì tí kò ní ẹnikẹ́ni ní Faransé, kò sì pọn dandan kó ti dé kó tó bẹ̀rẹ̀. Kó kọ̀wé sí Crous de Créteil lẹ́sẹ̀ kan náà. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kó wá yàrá nínú ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń gbé, tí orúkọ rẹ̀ wà lórí àdéhùn, yálà ní Saint-Denis tàbí ní Villetaneuse, ìlú ìtòsí, tí T8 máa ń gbé e wá sí Porte de Paris láti ibẹ̀. Ilé 32 m² ti ìdílé, ìgbà tó bá ti wà níbẹ̀ ni kó máa wá a.

Ẹ fi orúkọ títì yàrá yẹn ránṣẹ́ síbí, láìfi nọ́ńbà ilé kún un. A máa bá yín wo iye tí òfin gbà fún m² kan níbẹ̀, kẹ́ ẹ lè fi han ẹni náà bó bá ṣì fẹ́ jiyàn.